Èrò Ni Wọ́n Ní Kí N Máa Ya, Kì í Ṣe Màlúù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án

Ọkọ mi ti shift dé láàárọ̀ yìí, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Ṣìkẹ́mi, a ti ríṣẹ́ o." Mo rò pé fọ́tò ìgbéyàwó ni, tàbí ti ìkómọ. Ó ní rárá, màlúù ni. Àwọn kan fẹ́ tú màlúù sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Douglasville lọ́hùn-ún, èèyàn á máa sáré níwájú, màlúù á máa lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí ni wọ́n fi ṣe màlúù tó fi ń lé wọn? Ó ní wọn ò fi nǹkan kan ṣe é. Mo ní àwọn tí màlúù ń lé ńkọ́, ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní owó ni wọ́n ń san kí màlúù tó lé wọn. Àádọ́rin dọ́là!

Mo jókòó tì í. Ní Ìsẹ́yìn, tí màlúù bá já mọ́ àwọn alápatà lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò á tilẹ̀kùn, ìyá mi á máa ka orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń sanwó fún ta?

Ó ní òun á máa ya màlúù láti orí pèpéle, èmi á máa ya èrò. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa ní ojú àwọn èèyàn lòun ń fẹ́ jù, ojú tó ń bẹ̀rù, ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní, "Ìwọ lo mọ ojú ya jù mí lọ." Ọ̀gá tó kọ́ mi ní fọ́tò máa ń sọ irú ẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ ni. Èyí yàtọ̀. Mo fọ abọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé mo ti fọ̀ ọ́.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n màá máa kọ bó bá ṣe ń lọ síbí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú tì mí lónìí.

Lẹ́yìn ìsìn, Aunty Gbémi ń jáde bọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́ta kan. Síkẹ́ẹ̀tì tó fún pinpin tí ọkọ mi rà fún mi ni mo wọ̀, kò jẹ́ kí orúnkún mi dé ilẹ̀. Mo tẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ kú ìsìn, mà. Aunty wo àwọn ìyá náà, àwọn náà wo Aunty. Aunty ní, "Ẹ wá wo ìyàwó wa o. Orúnkún ẹ̀ ti gba green card ṣáájú òun alára."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà rí i pé ó wọ̀ mí lára.

Mi ò lè dá Aunty lẹ́bi. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n tọ́ ọ, àwọn ni wọ́n mú un wá síbí, àwọn ni wọ́n gbọ́ bùkátà ìgbéyàwó wa. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville, tí wọ́n ń gbé aláìsàn tó tóbi jù wọ́n lọ. Ta ni èmi tí mi ò ní kúnlẹ̀ fún wọn?

Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé Aunty fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti bá ara mi ṣèpinnu. Ibikíbi tí mo bá ti pàdé wọn, ì báà ṣe nínú ẹrẹ̀, orúnkún méjèèjì á kanlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò látàárọ̀. Iṣu kan ní Norcross tá à ń gbé níbí, dọ́là mẹ́rìnlélógún. Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, mo ra ànàmọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Ọkọ mi gbé mi lọ wo pápá náà. Ọ̀nà tóóró kan ni, wọ́n fi igi ṣe ọgbà sí i lọ́tùn-ún lósì. Nínú ọgbà náà, wọ́n fi àwọn àlàfo sílẹ̀ tí èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá, tí màlúù ò lè gbà. Ọkùnrin onífìlà kan ló ń darí ibẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń túmọ̀ fún mi. Tí wọ́n bá fọn fèrè àkọ́kọ́, kí gbogbo onífọ́tò gba àlàfo jáde. Tí wọ́n bá fọn èkejì, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún màlúù nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa tú wọn lọ́jọ́ náà, méjìlá lẹ́ẹ̀kan.

Mo rí àwọn màlúù náà. Wọn ò dà bíi tiwa tó ga tó ń rìn bí ìyàwó. Àwọn wọ̀nyí kúrú, ọrùn wọn ki bí ìtí igi, wọn ò wo ojú èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká wá fọwọ́ síwèé. Ọkọ mi kà á fún mi. Àlàyé ẹ̀ ni pé bá a bá kú, àwa la pa ara wa.

Mo ní, "Ṣé gbogbo àwọn tó ń bọ̀ ló máa fọwọ́ sí èyí?"

Ó ní, "Gbogbo wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Àwọn tí orí wọn pé?"

"Dókítà wà nínú wọn, Ṣìkẹ́mi. Lọ́yà wà níbẹ̀."

Mo kọ orúkọ mi, ó wọ́ bí ejò. Títí a fi délé, ẹnu mi ò pa dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Mo lọ dánra wò ní plaza tó wà nítòsí. Mo ya obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà, oòrùn bọ́ sí ojú ẹ̀ dáadáa. Ó yíjú sí mi, ó figbe ta! Kí ló dé tí mò ń ya òun, ta ló rán mi, òun máa pe ọlọ́pàá. Háà! Ní Ìsẹ́yìn, tí o ò bá ya èèyàn níbi ayẹyẹ, wọ́n á bínú pé ṣé àwọn ò rẹwà ni. Mo fi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní bẹ̀ ẹ́, mo pa fọ́tò náà rẹ́ lójú ẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ fẹ.

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ní ọjọ́ màlúù, inú ìwé kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí fọ́tò àti ikú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kún. Wọ́n fún wa ní aṣọ àwọ̀ ọsàn tá a máa fi bo èyí tá a bá wọ̀.

Aunty Gbémi pe ọkọ mi pé àwọn náà ń bọ̀ wá wòran. Wọ́n fẹ́ bèèrè bóyá àwọn tó ni màlúù á ta ọ̀kan lẹ́yìn eré, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá dáwó rà á fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ mi ní, "Aunty, wọn kì í pa á o."

Mo gbọ́ ohùn Aunty látinú fóònù: "Tó bá ti sáré tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe?"

Sòkòtò tó fẹ̀ ni mo yọ sílẹ̀ fún ọ̀la. Mi ò fẹ́ aṣọ tó máa dí orúnkún mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ọkùnrin kan wà ní ọsibítù nítorí mi. Mi ò lè kọ ju èyí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ọkọ mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n sùn. Oorun kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́, bóyá á fi mí sílẹ̀ díẹ̀.

Àárọ̀ náà dára. Oòrùn yọ, atẹ́gùn tútù díẹ̀. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ funfun, aṣọ pupa lọ́rùn, àwọn kan kun ojú, ẹnì kan wọ aṣọ bíi màlúù, ó ní ìrù. Ìyá àgbà kan tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún ń na ẹsẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Mo ní mà, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ sáré? Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin òun nìyí. Mo ya ojú ẹ̀.

Wọ́n tú ti àkọ́kọ́, mo ti jáde, mo ya láti ẹ̀yìn ọgbà. Nígbà tí wọ́n sáré kọjá, ojú wọn dà bí ojú ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára lójú oorun. Wọ́n tú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tún lọ dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe. Mo wo inú kámẹ́rà, mo mọ̀ pé mo ti rí ojú yà. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó tú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo wà nínú ọ̀nà, mò ń ya àwọn tó ń dúró. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, ó sanra díẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, wọ́n kọ James sí ìwé àyà ẹ̀. Ó ní kí n ya òun kí ó dára, pé òun fẹ́ kí ọmọ òun obìnrin rí i. Ó gbé àyà síta. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní thank you, young lady.

Fèrè àkọ́kọ́ dún. Mi ò fi falẹ̀. Mo kọjú sí àlàfo tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń rìn kíákíá la àárín èrò kọjá bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì péré kí n jáde, mo bá gbọ́ "Ṣìkẹ́mi!" Aunty Gbémi ló dúró sí ẹnu àlàfo, lódì kejì.

Kí Ọlọ́run gbọ́ mi, mi ò ronú. Orí mi ò sí níbẹ̀, ara ló ṣe é. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ gbà, mo di kámẹ́rà mú mọ́ àyà, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọ̀nà mà."

Ojú Aunty tàn. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó gidi rèé. Ọkọ ẹ ńkọ́?"

Mo ń dáhùn lọ́wọ́ ni fèrè kejì dún. Mo fẹ́ dìde. Mo ti gbé orúnkún kan. Ọwọ́ kan bá mú mi ní ẹ̀yìn aṣọ, ó gbé mi, ó jù mí gba àlàfo kọjá, mo fi ojú lu ikùn Aunty. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n fi agbára pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Mo yíjú padà. Bàbá yẹn ni. Ó ti sáré kọjá mi tẹ́lẹ̀, ó rí mi nílẹ̀, ó padà wá. Màlúù ti gbá a mọ́ igi ọgbà.

Màlúù náà ò tiẹ̀ dúró wo ohun tó ṣe. Ó ń sáré lọ ni tiẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbé bàbá náà lọ, gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin òyìnbó kan dì mọ́ mi, ó ní orí mi sunwọ̀n, ó ní òun rí i bí mo ṣe ṣubú. Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Aunty ti dáhùn: "Yes. She fell. She fell."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkùnrin onífìlà pè. Egungun ìbàdí Mr. James ló fọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò ní kú. Mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Aunty pè mí nígbà tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣìkẹ́mi, ṣé o ń gbọ́ mi? O ṣubú. Okùn bàtà ló kọ́ ẹ lẹ́sẹ̀."

"Mà, bàtà mi ò ní okùn."

"Ó ti ní báyìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé èmi lo ń kí. Orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n lè gbé ìkíni lọ sí kóòtù. Kódà Akínjídé ọkọ ẹ, má sọ fún un, ẹnu ẹ̀ fúyẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fi pa mọ́ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò tíì gbàgbọ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Aunty Gbémi dìde! Wọ́n gba máìkì.

"Praise the Lord!"

"Halelúyà!"

"Ìyàwó wa ṣubú sáàárín màlúù méjìlá! Mo ní màlúù méjìlá! Ojú mi ló ṣe! Ọlọ́run gbé ọkùnrin kan dìde tí kò mọ̀ wá rí!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbé orin sókè. Pásítọ̀ ní kí ẹni tí Ọlọ́run yọ jáde wá. Mo di àga mú. Ìyá tó jókòó tì mí tú ọwọ́ mi níkọ̀ọ̀kan, ó tì mí síta. Wọ́n ní kí n fò sókè fún Ọlọ́run nígbà mẹ́ta. Mo fò. Mo wo Aunty nígbà tí mo fò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi ń dà lójú wọn, omi gidi. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rò pé àwọn fúnra wọn ti ń gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọkọ mi jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣa fọ́tò tiẹ̀ tó yà láti orí pèpéle. Èmi ń gé ẹ̀fọ́. Mo gbọ́ pé ó dákẹ́. Ọkọ mi kì í dákẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń súfèé.

Ó ní, "Ṣìkẹ́mi, wá ná. Ta lò ń kí níbí?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti fẹ fọ́tò náà títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ṣubú, ọwọ́ ẹ̀ á nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ á yà. Èmi, ẹsẹ̀ mi wà pọ̀, ẹ̀yìn mi nà, orí mi tẹ̀, ọwọ́ kan wà lórí itan. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Ní iwájú mi, nínú àlàfo, èèyàn kan fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, mi ò nílò kí n dárúkọ ẹ̀. Ní ẹ̀yìn mi, Mr. James ti yíjú padà, apá ẹ̀ ti nà. Níwájú ẹ̀ ni ìwo ti ń yọ bọ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo sunkún débi pé ọ̀rọ̀ ò já geere. Mo rò pé á bínú. Ó kàn fi ọwọ́ bojú.

Ó ní, "Mo ti kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lánàá, ọkùnrin onífìlà ti rí fọ́tò yìí. Ó ní èyí ló dára jù lọ. Ó ní òun á kọ sí abẹ́ ẹ̀ pé obìnrin tó ṣubú."

"Ṣé kò rí i pé mo kúnlẹ̀ ni?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ta ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn nílé tiwọn?" Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

Látìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, gbogbo èèyàn ló ń sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

"Mo fẹ́ lọ sọ fún bàbá yẹn. Mi ò ní dárúkọ Aunty."

Ó ní shift wà fún òun ní Àbámẹ́ta, òun á bẹ Tèmi kó gbé mi lọ. Tèmi ni ọmọ Aunty. Mo ní háà, nínú gbogbo èèyàn! Ó ní, "Ta ló tún wà tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ní mọ́tò?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Agbọ̀n tí mo kó èso sí wúwo jù mí lọ. Tèmi ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń jẹ gúgúrú. Ó rò pé ìdúpẹ́ lásán la fẹ́ lọ ṣe.

Mr. James ti rù. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní rírìn ló wà, irin kan wà níwájú ẹ̀ tó ń dì mú. Ó rí mi, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Hey, young lady!" Ó bèèrè bóyá fọ́tò òun jáde dáadáa. Èyí ló kọ́kọ́ bèèrè! Mo fẹ́ sá jáde.

Mo ní, "Tèmi, sọ fún wọn pé mi ò ṣubú."

Tèmi wò mí. "Wait. Kí lẹ sọ?"

"Sọ ọ́. Sọ pé mo kúnlẹ̀ ni. Mo ń kí àgbàlagbà kan."

"Àgbàlagbà wo?"

"Túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Aunty Ṣìkẹ́mi, ṣé Mummy mi ni?"

Mo wo ilẹ̀. Tèmi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Oh my God. Mummy!" Ó jókòó sórí ibùsùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló túmọ̀ ẹ̀, ohùn ẹ̀ kéré gan-an.

Mr. James rọra jókòó sórí àga. Ó bèèrè pé tí òun ò bá padà wá, ṣé mi ò bá ti jáde fúnra mi? Mo lè purọ́ níbẹ̀, ó yá mi lẹ́nu. Mo na ìka méjì sókè. Mo ní, "Two step."

Ó yíjú sí fèrèsé. Mo rí i tí irùngbọ̀n ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ìgbà tó sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni Tèmi ń tú u fún mi. Ọmọ ẹ̀ obìnrin kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá òun fẹ́ lọ sáré màlúù, ó ránṣẹ́ pé arúgbó tí kò gbọ́n ni, pé tí ohunkóhun bá ṣe é, kí wọ́n má pe òun. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé bàbá ẹ̀ gba èèyàn là. Ó wá. Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí. Ó ń gé èékánná bàbá ẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá wọlé ló ń sọ ìtàn náà fún.

Tèmi nu ojú, ó ní, "Ó ní tí ẹ bá ṣubú, òun gba èèyàn là. Tí ẹ bá ń kí èèyàn, òun jẹ́... òun kàn jẹ́ old fool tó lọ ṣeré pẹ̀lú cow."

Mr. James nawọ́ mú ọwọ́ mi. Èyí kò nílò ìtumọ̀. Ó ní, "So you fell."

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Ẹrù tí mo gbé wá láti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dì í padà, ó gbé e rù mí.

Nínú ọkọ̀, Tèmi ò fọwọ́ kan gúgúrú mọ́. Nígbà tí a dé Norcross, ó ní, "Ẹ̀yin people yìí, ẹ máa ń kí too much."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Mr. James ti padà sílé ẹ̀ ní Lawrenceville. Ọmọ ẹ̀ ló pe àwọn èèyàn jọ, ó pè wá. Aunty se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú àwo ńlá méjì, wọ́n ní kò yẹ ká lọ lọ́wọ́ òfo.

A wọlé. Fọ́tò náà wà lára ògiri. Mr. James ló bẹ ọkọ mi kó tẹ̀ ẹ́ fún òun, àmọ́ mi ò mọ̀ pé báyìí ló máa tóbi tó. Ó ga tó ilẹ̀kùn. Aunty gbé àwo ìrẹsì dúró níwájú ẹ̀, wọn ò gbé e sílẹ̀, wọn ò lọ síwájú. Wọn ò tíì rí i rí. Mo gba àwo lọ́wọ́ wọn.

"Akínjídé, ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó hàn tó báyìí?"

"Ó hàn, mà."

Aunty yọ gíláàsì wọn. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lórí ògiri, wọ́n ń wo eyín wọn tó wà níta. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ibi tí ìwo wà ni wọ́n ń wò.

Àwọn èèyàn tó ogójì nínú pálọ̀ náà. Ọmọ Mr. James kan gíláàsì pẹ̀lú ṣíbí, gbogbo ilé dákẹ́. Obìnrin gíga ni, ojú ẹ̀ jọ ti bàbá ẹ̀. Ó ní òun ti sọ ìtàn yìí tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà níbí lónìí, kó wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ó yíjú sí mi. Ó ní báwo ni mo ṣe ṣubú?

Gbogbo ojú bọ́ sí mi lára. Èmi tó jẹ́ pé ojú àwọn èèyàn ni mo máa ń wò láti ẹ̀yìn kámẹ́rà! Mr. James jókòó sórí àga ẹ̀, ó di apá àga mú pinpin. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú.

Kí n tó la ẹnu, Aunty Gbémi dìde.

Ohùn wọn ò jọ èyí tí wọ́n fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "My daughter, please. It is not so. This girl, she did not..."

Mo rí ojú Mr. James. Mo rí i bí ó ṣe ń ṣú. Aunty ti fẹ́ sọ ọ́. Aunty tó ní okùn bàtà, tó ní kóòtù, wọ́n ti fẹ́ tú u jáde níwájú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú ọkàn mímọ́ sì ni.

Mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

"I fall!" Mo kígbe ẹ̀. Ọkọ mi fò níbi tó dúró sí. Mi ò kígbe rí látìgbà tó ti mọ̀ mí. "I fall. My leg, I no see road. I just fall. Your daddy see me, he come back. Nobody come. Only him."

Aunty wò mí, ẹnu wọn ṣì là sílẹ̀. Tèmi ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara ẹ̀.

Ọmọ náà ò tún bèèrè nǹkan mìíràn. Ó rìn lọ bá bàbá ẹ̀, ó jókòó sórí apá àga, ó fi orí ti orí ẹ̀, bàbá náà sì pa ojú dé.

Mi ò bá àgbà du ọ̀rọ̀ rí láyé mi, bó ti wù kó mọ. Mo sún mọ́ Aunty, mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Aunty mí kanlẹ̀. Wọ́n fi gíláàsì wọn padà sójú, wọn ò wo ògiri mọ́.

Wọ́n ní, "Lọ máa bu ìrẹsì fún àwọn èèyàn kó tó tutù."